Ìwé Tí Gbogbo Ìlú Onídán Rí

Funfun ni ojú ewé àkọ́kọ́. Funfun ni ìkejì. Kí Lucian Brandvold, ààrẹ ẹgbẹ́ onídán ìlú Kettle Lake, tó ṣí i dé ìkẹwàá, igba ènìyàn tó yí ibojì Orrin Teasdale ká ti pa rọ́rọ́.

"Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀," Brandvold wí. Ó tún un wí kíkankíkan: "Wọ́n ti jí ìwé Orrin! Ayédèrú ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀!"

Lẹ́yìn èrò, lábẹ́ igi méépù kan, Hendrika Dykhouse dúró, ó di bàtà rẹ̀ mú lọ́wọ́ kan. Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Òun ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kan ṣoṣo tí àgọ́ ọlọ́pàá ìlú náà ní. Ó ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́ náà, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló sì kù kó fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe iṣẹ́ ló bá wá síbẹ̀. Ó wá bá wọn sin ọkùnrin tó yọ ẹyin adìẹ láti inú etí òun nígbà tí òun wà ní ọmọ ọdún méje, kò sì tíì gbàgbé bí ẹyin náà ṣe tutù tó.

Ó wo ọ̀run. Ó wo bàtà. Ó wọ̀ ọ́ padà.

Láyé ìgbà náà, bí oṣù Ògọ́sì bá ti dé, onídán á pọ̀ ní Kettle Lake ju àgbẹ̀ àgbàdo lọ. Wọ́n á wá láti Ohio, wọ́n á wá láti Ontario, wọ́n á fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko pa idán fún ara wọn. Ẹni tó bá sì kú nínú wọn, ibẹ̀ ló máa ń fẹ́ kí wọ́n sin òun sí. Bí òkú onídán bá dé etí ibojì, wọ́n á ṣẹ́ ọ̀pá idán rẹ̀ sí méjì lórí pósí, nítorí igi lásán ni ọ̀pá náà láti ọjọ́ tí ọwọ́ tó ń lò ó ti tutù. Wọ́n ti ṣẹ́ ti Orrin láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn ọkùnrin tó ń fi ayùn gé obìnrin sí méjì láìmira, gbogbo wọn sunkún bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀.

Ibẹ̀ ló yẹ kó parí sí. Ohun tí Orrin sọ kó tó kú ni pé kí wọ́n sin ìwé àkọsílẹ̀ òun mọ́ òun nínú àpótí rẹ̀, kí wọ́n má ṣe ṣí i. Ṣùgbọ́n Brandvold ní ẹgbẹ́ kò lè ri irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ri ìdọ̀tí. Ó ní ojú ewé kan péré ni kí àwọn kà síta fún ìrántí. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó ṣí àpótí, ó rí funfun.

"Ta ni àpótí yẹn wà lọ́wọ́ ẹ̀ láti àná?" ẹnìkan kígbe.

Gbogbo ojú yí sí Imogene Pruitt. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta ni, ó sì ti ń bá Orrin ṣiṣẹ́ lórí ìtàgé fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Òun ni Orrin ń gé, òun ni Orrin ń gbé léfòó, òun ni Orrin ń sọ di àdàbà.

"Èmi kọ́ o," Imogene wí. "Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi kọ́. Níṣojú gbogbo yín ni mo ti tì í lọ́sàn-án àná. Mi ò tún ṣí i mọ́."

"Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló ní?"

"Ẹyọ kan ni. Ọrùn mi ló wà títí di àárọ̀ yìí."

"Ó tán! Kí la tún ń wá?"

Hendrika la àárín wọn kọjá, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ Brandvold. Awọ dúdú ni èèpo rẹ̀, awọ tó ti gbó. Níbi tí wọ́n ti rán àwọn ewé rẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn, òwú búlúù ló bẹ̀rẹ̀ láti òkè, nígbà tó dé ààbọ̀ ó di pupa. Ó rí i, ó sì gbójú fò ó, bí ènìyàn ṣe ń gbójú fo bọ́tìnnì tó já lára aṣọ ẹlòmíràn.

"Rika, mú obìnrin yìí kó tó pòórá," Brandvold wí fún Hendrika.

"Ẹ̀yin lẹ máa ń mú un pòórá, Lucian. Òun fúnra ẹ̀ kì í lọ síbì kankan."

Agbẹjọ́rò ìjọba náà wà níbi ìsìnkú, bíi gbogbo ìlú. Ó fi áńkáṣíìfù nu ọrùn, ó fa Hendrika sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Dykhouse, aago méjìlá ọ̀sán ọ̀la. Tó ò bá tíì mú ẹlòmíràn wá nígbà yẹn, màá fi ẹ̀sùn olè kàn án. Ṣé o rí bí wọ́n ṣe ń wò ó? Tí mi ò bá fi kàn án, àwọn yìí á fọwọ́ ara wọn dá a lẹ́jọ́."

Hendrika rí i. Ẹ̀wọ̀n oṣù díẹ̀ lásán ni ti ìjọba. Èyí tó burú ni pé ní Kettle Lake, ẹni tó bá jí ẹṣin, wọ́n lè dárí jì í. Ẹni tó bá jí àṣírí onídán, kò sí ilẹ̀kùn tí yóò ṣí fún un mọ́. Imogene kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn ju kó kára jọ sínú àpótí kó má wúkọ́.

*

Àṣìṣe tí Hendrika kọ́kọ́ ṣe ni pé ó béèrè lọ́wọ́ àwọn onídán bí wọ́n ṣe rò pé ó ṣẹlẹ̀.

Kí aago kan tó lù, ó ti gbọ́ ọ̀nà mọ́kànlá tí wọ́n fi lè jí ìwé nínú àpótí títì, olúkúlùkù sì ń jiyàn pé ọ̀nà ti ẹnìkejì kò mọ́ tó. Brandvold gbé àpótí náà sórí tábìlì ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Ó tẹ igun rẹ̀ kan, ìsàlẹ̀ rẹ̀ yọ kẹ̀rẹ̀.

"Wò ó! Ìsàlẹ̀ méjì!"

"Lucian, àpótí wo ló wà ní ìlú yìí tí kò ní ìsàlẹ̀ méjì?"

Brandvold ronú. "Èyí tí ìyàwó mi ń kó búrẹ́dì sí." Ó tún ronú. "Rárá o, ìyẹn náà ní in."

Hendrika tẹ̀ ba, ó yọjú wo ìsàlẹ̀ kejì náà. Eruku ló tẹ́ síbẹ̀ bẹẹrẹ, ó nípọn bí irun ológbò, kò sí ojú ìka kan lórí rẹ̀. Kò sí ìwé tó sùn síbẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá.

"Pa á dé," ó wí. "Ẹ̀yin lẹ ṣe é tó lọ́gbọ́n tó báyìí. Olè yẹn kò lò ó."

Bí ó ti fẹ́ jáde báyìí ni bàbá àgbàlagbà kan dí ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Cyprian Oakes ni. Ogójì ọdún ló fi bá Orrin du ipò kìíní, ipò kejì ló sì máa ń gbé lọ sílé. Ó wọ kóòtù dúdú nínú ooru yẹn, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú pọ̀.

"Èmi ni," ó wí. "Dè mí."

"Ẹ̀yin ni kí ni, bàbá?"

"Èmi Cyprian Oakes ni mo jí ìwé Orrin Teasdale."

"Báwo lẹ ṣe jí i?"

"Onídán kì í sọ."

"Ìwé ọ̀hún dà?"

"Onídán kì í—"

"Pápá!" Ọmọbìnrin rẹ̀ ti sáré dé lẹ́yìn rẹ̀, ó ń mí gúlegúle. "Ẹ má dá a lóhùn, Rika. Ilé ìwòsàn ló wà láti ìjẹta, wọ́n ń tọ́jú ojú ẹ̀. Òní láago mẹ́sàn-án ni mo lọ gbé e. Pápá, ẹ jọ̀ọ́, oúnjẹ yín ń tutù."

Bàbá náà rọra sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó wo ilẹ̀.

"Ṣùgbọ́n mo lè jí i," ó wí jẹ́jẹ́. "Ká ní ọdún 1938 ni, Rika, mo lè jí i, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, bàbá. Màá kọ ọ́ sílẹ̀."

Kò sì pa irọ́ fún un. Ó mú pẹ́ńsùlù, ó kọ ọ́: *Cyprian Oakes. Ó lè jí i, 1938.* Ibi tó ti fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ ni ẹnu pẹ́ńsùlù náà ti kán. Ó sọ ọ́ sápò, ó yá bírò.

*

Ní ilé oúnjẹ tó dojú kọ adágún, Hendrika jókòó síbi tí fáànù ń fẹ́ sí, ó pe àwọn onídán lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè kan náà ló bi gbogbo wọn, ìbéèrè tó rọrùn bíi ti ẹni tí ajá rẹ̀ sọnù: bí òun bá pàdé ìwé gidi náà lójú ọ̀nà, báwo ni òun yóò ṣe dá a mọ̀? Kí ló wà nínú rẹ̀?

"Tádàwá dúdú," Brandvold wí, kò tilẹ̀ ronú. "Lẹ́tà wínníwínní. Ó ya àwòrán ìka ọwọ́ sí etí ìwé."

"O rí i?"

"Ojú mi méjèèjì yìí."

Ọkùnrin tó ti Ohio wá jókòó. "Pẹ́ńsùlù ni. Nọ́ńbà ló pọ̀ jù. Orrin kì í kọ ọ̀rọ̀, ìṣirò ló ń ṣe."

"Ẹ rí i?"

"Bí mo ṣe ń rí yín yìí."

Obìnrin tó ti Ontario wá mu kọfí rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀. "Inki pupa. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn-sẹ́yìn, àfi kéèyàn gbé dígí sí i kó tó lè kà á. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín o, màdáámù."

Hendrika kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Nínú iṣẹ́ yìí, bí ẹlẹ́rìí mẹ́ta bá sọ ohun mẹ́ta, a jẹ́ pé ẹni méjì ń parọ́. Ṣùgbọ́n èrè wo ni èèyàn yóò jẹ nínú irọ́ àwọ̀ inki? Ó tún pe Brandvold padà.

"Lucian, ọwọ́ rẹ kan ìwé yẹn rí?"

"Ọwọ́ kẹ̀? Ta ní í fọwọ́ kan ìwé Orrin!"

"Báwo lo wá ṣe rí inú ẹ̀?"

"Ó máa ń ṣí i lórí ìtàgé, gbogbo wa la rí i." Ojú Brandvold kúrò lára rẹ̀, ó lọ sórí omi adágún. "Kó tó pa idán tó tóbi jù, ó máa ń mú ìwé yẹn, á ṣí i, á wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ojú ẹ̀ á yí padà. Á rọra pa á dé, á wá sọ fún wa pé, 'Ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí, ẹ̀rù ẹ̀ ń ba èmi náà.' Rika, gbogbo irun ara mi á dìde. Èmi tí mo mọ̀ pé okùn wà lókè! Ọ̀dọ̀ ẹni tó ta okùn fún un ni mo ti ra tèmi. Dígí kan náà, àpótí kan náà. Tí mo bá ṣe é, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Tí Orrin bá ṣe é, wọ́n á dìde dúró, ìyàwó á di ọkọ ẹ̀ mú. Kí ló fà á? Ohun kan wà nínú ìwé yẹn tí àwa kò ní."

Ó nu ojú. Hendrika wò ó pẹ́.

*

Imogene wà ní yàrá ẹ̀yìn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Wọn kò tì í mọ́lé, ṣùgbọ́n kò síbi tó lè lọ. Ó ká ẹsẹ̀ jọ sórí àga kékeré bí ẹni tó fẹ́ kí àyè ṣẹ́kù. Hendrika gbé páì èso ṣẹ́rì kan síwájú rẹ̀, ó gbé ọ̀kan síwájú ara rẹ̀.

"Wọ́n ní ìwọ àti Orrin jà ní oṣù Épírì."

"A jà. Mo ní kó fún mi ní ìwé yẹn tó bá ń lọ. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, Rika! Mo ní ṣé kò tó ni? Ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ fún mi." Imogene fi fọ́ọ̀kì tẹ páì náà, kò jẹ ẹ́. "Mo fọ́ àwo mọ́lẹ̀. Àwo ìyá rẹ̀ ni."

"Ìwọ náà rí inú ìwé ọ̀hún?"

"Rárá. Èmi máa ń wà nínú àpótí nígbà yẹn. Ohùn ẹ̀ ni mo máa ń gbọ́. Tó bá ti ní ẹ̀rù ń ba òun báyìí, ẹ̀rù á ba èmi náà nínú àpótí, èmi tí mo mọ̀ pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni mo máa gbà jáde."

"Tí wọ́n bá gbé ìwé méjì síwájú rẹ, ṣé wàá dá tiẹ̀ mọ̀?"

"Ẹ gbé e fún mi lókùnkùn, màá dá a mọ̀. Èmi ni mo rán an. Ọdún 1959 ni, ní Toledo, ẹ̀yìn ẹ̀ ti ń já. Orrin fi okùn dì í pinpin kí n má bàa rí inú ẹ̀, ó wá ní kí n rán ẹ̀yìn. Òwú búlúù tán mọ́ mi lọ́wọ́ ní ààbọ̀, mo fi pupa parí ẹ̀. Ó ní kò séwu, pé kò sẹ́ni tí í wo ẹ̀yìn ìwé."

Hendrika dẹ́kun jíjẹ.

"Ọjọ́ yẹn náà ni mo da kọfí sí i," Imogene ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ó wọ inú ẹ̀ lọ. Mo sunkún títí, mo rò pé mo ti ba gbogbo ohun tó kọ jẹ́. Ọkùnrin yẹn kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Ó ní, 'Imogene, dákẹ́. Kò sí ohun kan tó bàjẹ́ níbẹ̀.'"

"Nígbà tí Lucian ṣí i láàárọ̀, o sún mọ́ ọn?"

"Ṣé wọ́n jẹ́ kí n sún mọ́ ọn ni? Funfun ni mo rí láti òkèèrè, mo sì ti di olè."

Hendrika dìde. Ó fi páì rẹ̀ sílẹ̀, ohun tí kò ṣe rí.

Kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó ẹ̀rí pa mọ́ sí kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ó gbé ìwé náà sójú fèrèsé. Búlúù láti òkè dé ààbọ̀, pupa láti ààbọ̀ dé ìsàlẹ̀, ihò abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo fún òwú kan ṣoṣo. Kò sẹ́ni tó tú u rí. Ó ṣí i láti ẹ̀yìn. Àbàwọ́n kọfí ló wà níbẹ̀, ó fẹ̀ bí ẹnu ife lójú ewé tó gbẹ̀yìn, ó ń kéré sí i láti ewé dé ewé, títí ó fi di bí ojú ẹyẹ, tó sì tán. Lábẹ́ àbàwọ́n náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lókè rẹ̀, kò sí ìlà kan. Kò sí inki tó ṣàn. Kò sí ohun kankan tó bàjẹ́.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí kọ́bọ́ọ̀dù náà. Igba onídán. Àwọn tó jẹ́ pé bí ẹnìkan bá ní "wo ọwọ́ ọ̀tún mi," ọwọ́ òsì ni wọ́n á wò. Gbogbo wọn wo àpótí, gbogbo wọn wo kọ́kọ́rọ́, wọ́n wá ọ̀nà mọ́kànlá tí ìwé gbà jáde. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó béèrè bóyá ohun kan wà tó fẹ́ jáde.

*

Eudora Teasdale ń se tòmátì sínú ìgò. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé ìdáná, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ń wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Obìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni, aṣọ ọ̀fọ̀ ló wọ̀ sábẹ́ épírọ́ọ̀nù.

"Tòmátì ò mọ̀ pé ọkọ mi kú," ó wí láìyíjú. "Jókòó, Rika. Bàtà yẹn ń fún ọ."

Hendrika bọ́ bàtà. Ó gbé ìwé náà sórí tábìlì. Ìyá àgbà náà wò ó, ó yí iná sílẹ̀.

"Ìwé yẹn ni," Hendrika wí. "Kò sẹ́ni tó pààrọ̀ ẹ̀."

"Kò sẹ́ni tó pààrọ̀ ẹ̀."

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀, màámi?"

"Ọjọ́ tó rà á. Ọdún 1931, ní Kalamazoo. Ó ní gbogbo ohun tí òun mọ̀ lòun máa kọ sínú ẹ̀. Ó jókòó síbi tó o jókòó sí yẹn, ó mú gègé, kò rí nǹkan kọ. Ó ní, 'Eudora, gbogbo ẹ̀ ò ju okùn àti dígí lọ. Tí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀, bí ẹni ń júwe ẹ̀rọ ìfọṣọ ló máa rí.' Lọ́jọ́ Sátidé, ó kàn gbé e dání lọ sórí ìtàgé bẹ́ẹ̀, ó ṣí i, ó wò ó. Gbogbo èrò ìwòran pa lọ́lọ́. Nígbà tó wálé, ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn. Ó ní, 'Èyí ló dáa jù nínú gbogbo ohun tí mo ní, mi ò sì tíì ṣe nǹkan kan.'"

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi dákẹ́ lónìí? Wọ́n fẹ́ sọ Imogene sẹ́wọ̀n."

Eudora fi àkísà nu ìgò kan tó ti mọ́. Ó nù ún, ó tún un nù.

"Mo rò pé ó máa rẹ̀ wọ́n. Mo rò pé tó bá di ọ̀la wọ́n á wá nǹkan mìíràn bínú sí. Ìwà ojo ni, mo mọ̀. Mo fẹ́ràn ọmọbìnrin yẹn. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní ẹlẹ́tàn ni."

"Ẹlẹ́tàn ṣáà ni gbogbo wọn, màámi. Onídán ni wọ́n."

"Ó tan èrò ìwòran, iṣẹ́ ni. Ó tan àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, ogójì ọdún ó lé, níbi oúnjẹ, níbi ìsìnkú ara wọn. Ìyẹn ò jọra. Àwòrán ẹ̀ á kúrò lára ògiri gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́." Ó gbé ìgò náà kalẹ̀. "Sọ ọ́. Ó di dandan kó o sọ ọ́. Àmọ́ Rika, bó o ṣe máa sọ ọ́..."

"Mo gbọ́," Hendrika wí.

*

Lọ́jọ́ kejì, aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú. Gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ kún dẹ́nu ilẹ̀kùn. Agbẹjọ́rò ìjọba jókòó níwájú, ìwé ẹ̀sùn lórí itan rẹ̀. Imogene wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, àga mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún àti òsì ṣófo.

Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Hendrika ti ń ka ẹ̀rí síta bí ẹni ka orúkọ oògùn. Láàárọ̀ yẹn, nídìí kọfí rẹ̀, ó ti wo ohun tó ní lọ́wọ́: òwú kan, àbàwọ́n kan, ìwé kan tó ṣófo. Ọ̀nà méjì ló wà láti sọ ọ́. Ọ̀kan ni pé Orrin Teasdale purọ́ fún yín fún ọdún mẹ́tàlélógójì. Òtítọ́ ni. Ìkejì náà, òtítọ́ ni.

Ó gun orí ìtàgé. Ó dúró síbi tí Orrin máa ń dúró.  Ó ṣí ìwé náà, ó wò ó, ó sì jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́ títí àwọn tó wà lẹ́yìn fi na ọrùn.

"Lucian, wá wo ẹ̀yìn ìwé yìí. Sọ ohun tó o rí."

"Òwú búlúù. Ó di pupa ní ààbọ̀."

"Ta ló rán ìwé Orrin ní Toledo?"

"Imogene ni," ohùn púpọ̀ dáhùn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Mo wà níbẹ̀, mo rí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, búlúù tán mọ́ ọn lọ́wọ́."

"Ìwé Orrin nìyí. Kò sẹ́ni tó jí i. Kò sẹ́ni tó pààrọ̀ ẹ̀."

Ariwo sọ. Hendrika kò dá a dúró. Ó gbé ọwọ́ kan sókè, ó kàn gbé e síbẹ̀, ariwo náà sì rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Ta ló rí tádàwá dúdú níbí?" Ọwọ́ bí ogójì lọ sókè. "Ta ló rí pẹ́ńsùlù? Ta ló rí inki pupa?" Ọwọ́ tún lọ sókè, àwọn tó nawọ́ bẹ̀rẹ̀ sí wo ara wọn. "Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ gbogbo ọ̀nà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í wo ibi tí wọ́n bá ní kí ẹ wò. Àwọn ará ìta ni Orrin ń gé obìnrin fún, àwọn ló ń sọ obìnrin di ẹyẹ fún. Ẹ̀yin ńkọ́? Èwo ló pa fún yín? Ọdún mẹ́tàlélógójì ló fi pa idán kan fún yín, ẹ̀yin nìkan, kò sí okùn níbẹ̀, kò sí dígí, ojú ara yín ló sì fi pa á." Ó rọra pa ìwé náà dé. "Ó kú. Kò sí ẹnìkan nínú yín tó já ọgbọ́n ẹ̀."

 Àga kan dún gìrọ́gìrọ́. Cyprian Oakes ló dìde, ojú rẹ̀ kan wà nínú báńdéèjì, ó ń pàtẹ́wọ́. Ó ń pa á díẹ̀díẹ̀, bí ẹni kan ilẹ̀kùn.

"Ó tún borí mi!" bàbá náà kígbe. "Ọmọ yẹn! Nínú ibojì ló wà, ó tún borí mi!"

Gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Brandvold ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó di etí tábìlì mú. "Lójú mi!" ó ń wí. "Lójú mi báyìí!" Agbẹjọ́rò ìjọba ká ìwé ẹ̀sùn rẹ̀ sí mẹ́rin, ó dé fìlà, ó bá ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ lọ.

Nísàlẹ̀ àkàbà ìtàgé, Eudora gbá Hendrika lọ́wọ́ mú. "Ṣé o parọ́ fún wọn ni?"

"Rárá o, màámi. Mo kàn tò ó ni."

Imogene nìkan ni kò dìde. Nígbà tí Brandvold lọ bá a, tó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀ tó ń tọrọ àforíjì, ó gbà, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ léjìká. Hendrika ló bi ní ìbéèrè.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ lóòótọ́?"

"Kò sí."

"Ó sì sọ fún mi ní Épírì. Ó sọ ọ́ fún mi lójú korojú. Mo fọ́ àwo." Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Nígbà náà, ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí, Rika?"

 Ìdáhùn náà ti ń bọ̀ lójú Imogene fúnra rẹ̀.

*

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n tún padà sí ibojì, gbogbo wọn, láti ṣe ohun tí Orrin ní kí wọ́n ṣe. Atẹ́gùn ń fẹ́ láti orí adágún. Imogene ló gbé ìwé náà. Kó tó fi í sínú àpótí, ó dúró, ó nawọ́ sí Hendrika.

"Yá mi ní nǹkan ìkọ̀wé."

Hendrika kó ọwọ́ sápò, ó fa pẹ́ńsùlù yọ. Lẹ́yìn tó ti fi í lé e lọ́wọ́ ló tó rántí. Ó lanu kó ní ó ti kán. Imogene ti rí i. Ó wo ẹnu pẹ́ńsùlù náà, igi lásán, ó wo Hendrika, etí ẹnu rẹ̀ sún díẹ̀.

Ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́. Ó tẹrí ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé, ó rọra ń kọ, láti òsì sí ọ̀tún, ìlà kan, ìlà kejì. Ó dúró, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kan wúwo fún. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó kọ ìlà kẹta. Igba ènìyàn kò mí. Lẹ́yìn náà ó rọra pa ìwé náà dé, ó tì í mọ́ inú àpótí, wọ́n sọ àpótí náà kalẹ̀ sínú ibojì, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ tẹ̀ lé e, sáàárín ọ̀pá idán tó ṣẹ́ sí méjì.

Nígbà tí èrò ń túká, Brandvold sáré bá Hendrika lábẹ́ igi méépù. Ojú rẹ̀ ń dán bí ti ọmọ ọdún méje.

"Rika, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ gan-an lo dúró sí. Kí ló kọ? Mo rí i pé ó gùn. Orúkọ ẹnìkan wà níbẹ̀, àbí? Mo rí i."

Hendrika jókòó sórí gbòǹgbò igi náà. Ó bọ́ bàtà ọ̀tún, ó bọ́ ti òsì, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sínú koríko tútù.

"Lucian," ó wí, "onídán kì í sọ."